Ẹsẹ̀ Màmá àti Jíìpù Bánjọ

Káfíńtà ni Bánjọ, kì í sì í ra nǹkan láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Téèpù kì í kúrò ní àpò ṣòkòtò rẹ̀, kódà lọ́jọ́ Sunday. Nígbà tó ní kí n bá òun wo ọkọ̀ tí òun fẹ́ rà fún ìdílé òun, mo ti mọ̀ pé a máa pẹ́ níbẹ̀. Mẹkáníìkì ni mí, ilé wa sì kọjú síra wọn ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí Owódé Onírin.

Ọkọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Kétu. Ọ̀kan jẹ́ mọ́tò kékeré tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ ń ṣí sókè, tí kì í jẹ epo púpọ̀. Èkejì jẹ́ jíìpù kékeré, èyí tó ga nílẹ̀ dáadáa.

Kẹ́misọ́lá ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sí èyí tó kéré. "Daddy Fẹ́rànmí, èyí ti okay fún wa. Màmá á kàn jókòó ni, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ẹ wo bí jíìpù yẹn ṣe ga!" Ìyá tó bí òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó ń gbé pẹ̀lú wọn, tí orúnkún ń dà láàmú.

Bánjọ fa téèpù yọ. Omíyalé ọdún tó kọjá fi àmì sára ògiri ilé rẹ̀, ó sì ti wọn àmì náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kékeré, ó mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, ó rẹ́rìn-ín. "Mojeed, àbí mo parọ́? Omi ò lè wọnú eléyìí."

Èmi náà, ẹnu mi ò gbélé. Mo ní ẹni tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ tó lọ ra mọ́tò kékeré, kó kúkú ra ọkọ̀ ojú omi. A rẹ́rìn-ín, Kẹ́misọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wọn orúnkún Màmá.

Lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ fi jíìpù tí Bánjọ rà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò dé ọ̀hún. Wọ́n gbé tòsì, kò dé ibì kankan. Agbára Kẹ́misọ́lá ò ká wọn. Bánjọ wá na ọwọ́ láti gbé wọn ní ìbàdí, Màmá yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Rárá o, Bàbá Fẹ́rànmí. Ṣé àna ló máa gbé mi bí ọmọdé? Ẹ máa lọ, màá gbọ́ ìsìn lórí rédíò."

Sunday mẹ́ta ni wọ́n fi gbọ́ rédíò. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, torí mo lọ́wọ́ sí i. Nígbà tó yá, Bánjọ kan àpótí kan tó ní àtẹ̀gùn méjì, Màmá fi gun jíìpù, wọ́n sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A rò pé ó ti parí.

Ní October, odò kún. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, omi ti wọ pálọ̀. Bánjọ kó àwọn ọmọ sínú jíìpù, ó sì ṣíná sí i. Òótọ́ ló sọ, omi ò wọnú rẹ̀. Àmọ́ igi ni àpótí, ó ti léfòó lọ. A wá a títí, a ò rí i.

Ìró Màmá ti tutù dé itan. Mo ní kí n gbé wọn. Ojú tí wọ́n fi wò mí, mo fà sẹ́yìn. "Ẹ máa kó àwọn ọmọ lọ," ni wọ́n ń wí. Kẹ́misọ́lá bú sẹ́kún.

Bánjọ sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù. Ó kúnlẹ̀ nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà jíìpù, omi sì dé àgbọ̀n rẹ̀. "Màmá, ẹ gun ẹ̀yìn mi. Ṣebí mo dọ̀bálẹ̀ fún yín nígbà tí mo wá tọrọ Kẹ́misọ́lá."

Màmá gun ẹ̀yìn rẹ̀ tẹkúntẹkún, wọ́n sì wọnú jíìpù.

Ilé Ọláńrewájú, ọmọkùnrin Màmá, ní Mende la gbà lọ. Òun ló gbé ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí omi gbẹ, Bánjọ kan àpótí tuntun, ó sì lọ sí Mende láti mú Màmá wálé. Màmá ò kọjá ẹnu ilẹ̀kùn Ọláńrewájú.

"Bàbá Fẹ́rànmí, mo dúpẹ́. Títí di òní, mo ṣì ń mọ ẹ̀yìn rẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí omi bá tún dé, mi ò lè wá tẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Bánjọ gbé àpótí náà padà sínú jíìpù. Orí ìjókòó iwájú ló gbé e sí, níbi tí Màmá máa ń jókòó.