Pásípọ́ọ̀tù Mi Lábẹ́ Bíbélì Dádì

Àdúgbò kékeré kan wà ní Cedar Hill, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo ilé ibẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin kan. Dádì là ń pè é. Òun ló gbà wá sí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Inú ilé rẹ̀ la ń gbé, mọ́tò rẹ̀ la fi ń jáde. Ní ọ̀sán Sátidé, gbogbo wa á lọ dáná, a ó sì tún ilé ńlá rẹ̀ ṣe. Kò pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ti dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ rí; bí mo bá rí ìṣákọ́lẹ̀, mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tí mo dé, Dádì nawọ́ sí mi. "Gbé pásípọ́ọ̀tù rẹ wá, kí n gbàdúrà lé e lórí." Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó tì í sábẹ́ Bíbélì ńlá tó wà ní pálọ̀. Ibẹ̀ ló wà. Ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà pé àdúrà rẹ̀ ti tó?

Nígbà tó yá, mo ríṣẹ́ sí Mansfield, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí àwọn rí pásípọ́ọ̀tù náà. Mo lọ bẹ Dádì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àdúrà ò tíì jinná lórí ẹ̀."

Obìnrin tí a jọ ń gbé yàrá kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí iná.

"Ẹ túbọ̀ máa kúnlẹ̀, àǹtí. Ọmọ mi ṣì ń rákò nígbà tí wọ́n gbé tèmi kaná. Ó ti ń wa mọ́tò báyìí."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Sátidé kan, àwọn pásítọ̀ tó ń bọ̀ láti àgọ́ àdúrà ní Floyd yà kí Dádì. Bí wọ́n ṣe jókòó, mo kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀, mo ní mo fẹ́ jẹ́rìí.

"Àdúrà Dádì lórí pásípọ́ọ̀tù mi ti gbà o! Ọlọ́run ti fún mi níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sókè, kí n fi dúpẹ́."

"Halelúyà!" Gbogbo wọn yíjú sí Dádì.

Ó rọra fà á yọ. Bó ṣe ń gbé e fún mi, kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. "Dallas ò tóbi o, ọmọ mi."

Mo bá àwọn àlejò náà wọ mọ́tò wọn lọ. N kò padà lọ kó ẹrù.

N kò sọ ibi tí mò ń gbé fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé obìnrin tí a jọ gbé yàrá kan nílé Dádì níwájú ilé ìtajà kan. Kò tilẹ̀ dúró dáadáa.

"Dádì ní kí n kí yín, àǹtí. Wọ́n ní òdòdó ẹnu ọ̀nà yín ń fẹ́ omi."

Mo délé, mo wò ó. Ó ti ń rọ lóòótọ́.