Owó-Orí Lórí Owó Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ná

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù owó-orí. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, nínú yàrá kan lókè ilé àwọn alágbàfọ̀, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń gba abẹ́ pákó wọlé, tí etí gbogbo ìwé mi sì ti ká kò. Akọ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mo mọ iye tó ń wọlé fún wọn, mo sì mọ iye tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó wọn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń lọ sí ìpàdé àdúgbò mọ́, nítorí ẹ̀rín máa ń pa mí níbi tí kò yẹ kí àgbàlagbà ti rẹ́rìn-ín.

Nínú gbogbo àwọn oníbàárà mi, onígbàjámọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ ni Oníṣòwò Àgbáyé. Àwa gé e kù, a ń pè é ní Àgbáyé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àga mẹ́ta, jígí mẹ́ta, kílípà mẹ́rin tí ọ̀kan nínú wọn kì í ṣiṣẹ́, àti fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí títì. Bàbá rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ kó tó kú. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ àwọn táwẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn, òun náà ló sì ń gba owó. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta ti ń jáde. Wọn ò ní nǹkan míì.

Àgbáyé mọ irun gé, àmọ́ ó mọ ẹnu ún lò ju kílípà lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí wọ́n gbé abẹ lé lọ́rùn kì í jiyàn. Nígbà tí kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbòde, ó rí ilé-iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba kírípítò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tó ń yá a fún àwọn ẹlòmíràn, tó sì ń san èlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí orí kan tó gé tí kò wàásù sí i. Á gbé fóònù rẹ̀ síwájú jígí, kí ẹni tó jókòó lè rí iye náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ wò ó dáadáa," ló máa ń wí. "Èmi sùn, owó ò sùn. Ẹ̀yin ń jí ní aago márùn-ún lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ẹ rí ara yín báyìí?"

Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ nínú jígí, tí irun rẹ̀ dà kálẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ funfun dè é lọ́rùn, kò ní ṣàì gbà pé ayé òun ò dára tó. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó fún un nìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbà tí kò mọ fóònù ún tẹ̀, tó sì ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí i ju olè lọ. Wọ́n ní kó bá àwọn fi sínú tiẹ̀. Ó gbà á, ó fi sínú tiẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, orúkọ Àgbáyé. Ti àwọn yòókù wà nínú ìwé tó fi ń kọ ẹni tó kàn láti gé irun. Kì í sì í kọ orúkọ ènìyàn síbẹ̀, orí ló ń kọ. Ẹ ó rí Orí-Kókó, Ìpàkọ́-Gígùn, Irùngbọ̀n-Pupa, gbogbo wọn pẹ̀lú iye tí wọ́n mú wá.

Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni ti Àgbáyé fúnra rẹ̀. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló fi ń han ènìyàn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ti ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbà pé tiwọn ni. Àwọn àna rẹ̀ gbà pé tiẹ̀ ni. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ti ń pè é ní "ọkùnrin yẹn" láti ọdún méjìlá, bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fún un lórí àga onítìmùtìmù. Irú ọlá bẹ́ẹ̀ ṣòro ún dá padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iye tó wà lójú fóònù náà ò yí mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń tún nǹkan ṣe, kí àwọn oníbàárà fara balẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ní ogúnjọ́, ìròyìn jáde pé wọ́n ti kógbá sílé, pé ọ̀gá wọn ti wà ní kóòtù, pé adájọ́ sì ti yan àwọn tí yóò ṣa ohun tó kù jọ, tí wọ́n á pín in fún àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Wọ́n ní ó lè gba ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù Àgbáyé kún fọ́fọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ gé irun. Bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Orí-Kókó nínú ìwé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé, "Owó mi! Owó òógùn ojú mi! Èmi ni mo ni ín, kí gbogbo ayé gbọ́!" Gbogbo ayé sì gbọ́ lóòótọ́. Àgbáyé ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, tó wà lẹ́yìn níbi tó ti ń fọṣọ, pé àwọn aláìmọ̀kan kan ló wá béèrè ìmọ̀ràn.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ló gun àtẹ̀gùn wá bá mi, àpòòwé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí adájọ́ yàn ti kó orúkọ gbogbo oníbàárà àti èlé tí wọ́n rí gbà fún ilé-iṣẹ́ owó-orí. Ilé-iṣẹ́ owó-orí sì ti kọ̀wé sí Àgbáyé, wọ́n ń kí i dáadáa, wọ́n ní kó wá san owó-orí lórí èlé ọdún méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé owó yẹn ti lọ."

"Wọ́n mọ̀."

"Kí ni wọ́n wá ń béèrè?"

"Owó-orí lórí èlé tó wọlé kó tó lọ."

"Kò wọlé, ẹ̀gbọ́n! Ojú fóònù ló wà!"

"Ìwọ lo fi han gbogbo ènìyàn pé ó wọlé," ni mo wí.

Mo ṣàlàyé fún un. Òfin ò béèrè bóyá o ná èlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí orúkọ rẹ ló ti di owó tìrẹ, iye tó sì ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n á fi ṣírò ẹ̀. Àdánù tó wá dé lẹ́yìn ìyẹn á jókòó de kóòtù. Ìgbà tí kóòtù bá parí ni ìjọba tó máa gbà pé àdánù ni. Mo tẹ ẹ̀rọ ìṣírò mi, mo sì kọ iye náà sórí ìwé. Kò báà ta àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò báà ta jígí, kò báà gba owó àsansílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ onílé padà, kò tíì tó. Láti ọdún méjì tó ti ń fọ́nnu káàkiri, àwọn ará àdúgbò máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìjọba nìkan ló wá gbà á gbọ́ délẹ̀délẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Tí àwọn tó ni owó náà bá buwọ́ lu ìwé pé tiwọn ni, tí Àgbáyé náà sì kọ ọ́ pé òun kàn bá wọn fi pamọ́ ni, olúkúlùkù á gbé owó-orí tirẹ̀. Mo ní kó mú ìwé irun rẹ̀ wá. Ó mú un wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, mò ń rẹ́rìn-ín orí kọ̀ọ̀kan. Mo ka mẹ́jọ. Nígbà tí mo dé ìkẹsàn-án, ẹ̀rín mi dá.

Orí-Ewú Òkè ló wà níbẹ̀, iye tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn.

Èmi ni Orí-Ewú Òkè. Mi ò ní ṣe àlàyé púpọ̀. Mo jókòó lórí àga kan náà, mo wo jígí kan náà. Mo fún un ní owó tí mo fi ọdún mẹ́fà tọ́jú, mi ò sì kọ èlé rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù owó-orí tèmi fún ọdún méjì, èmi tí mò ń bá gbogbo àdúgbò búra pé òtítọ́ ni wọ́n kọ. Tí ilé-iṣẹ́ owó-orí bá rí i, wọ́n á gba ìwé àṣẹ tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo húkọ́ díẹ̀, mo sì ṣí ojú ìwé kejì. Àgbáyé ń wo ilẹ̀.

Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti buwọ́ lu ìwé tirẹ̀. "Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò lówó? Àwọn àna mi ńkọ́?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yá a lára kó san owó-orí olówó ju kó wà nínú ìwé ìjọba bí ẹni tí kò ní nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ló gun òkè wá níjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù láti ibi tó ti ń fọṣọ, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìdá kan nínú mẹ́wàá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èyí tó ń dáyà já mi lóru pé àwọn olè á wá torí ẹ̀." Ó gba bírò lórí tábìlì mi, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Buwọ́ lù ú, Bàbá Àwọn Ọmọ. Èmi á lọ sọ fún màmá mi."

Ó buwọ́ lù ú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé náà débi pé mo ní láti tẹ òmíràn.

Ó wá kó ìwé àwọn yòókù dání, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ẹ ò rí ìgbàgbé rí! Bíríkìlà tó ti ní kí gbogbo ayé gbọ́ béèrè pé, "Owó wo? Irun ni mo wá gé lọ́dọ̀ rẹ." Irùngbọ̀n-Pupa fá irùngbọ̀n. Ìpàkọ́-Gígùn ní òun ò gbọ́ kírípítò rí láyé òun, ṣé oúnjẹ ni? Owó tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ fọ́ jígí ṣọ́ọ̀bù ti di ọmọ òrukàn, nítorí pé owó-orí ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ènìyàn mẹ́ta péré ló buwọ́ lù ú. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó fi bírò pupa tún gbólóhùn mi méjì ṣe kó tó fi orúkọ sí i.

Mo tún un ṣírò. Tí Orí-Ewú bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yẹn, Àgbáyé á lè máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Mo ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bóyá iye náà á ṣàánú mi.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni Àgbáyé wí nígbà tó wá gba fọ́ọ̀mù. "Mo ti fa ojú ìwé tí orí yín wà ya. Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ta ló máa bá wa kọ fọ́ọ̀mù?"

Mo ní ó ṣeun. Mo gba owó iṣẹ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì já rìsíìtì fún un. Ara mi fúyẹ́ títí mo fi délé, lẹ́yìn náà ojú tì mí débi pé mi ò lè wo oúnjẹ.

Ní Sátidé, mo lọ gé irun, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mò ń sá fún un. Àga kan ti lọ. Ẹnì kan ti wọn èkejì, ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí i. Àgbáyé de aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Kò wàásù, kò gbé fóònù kankan síwájú jígí. Ó kàn sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé òun ti bá onílé sọ̀rọ̀, pé ìparí oṣù ni àwọn á kó jáde, pé ọ̀gá kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ti ní kóun wá máa gé irun lábẹ́ òun. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tẹ orí síwájú díẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí mo lè wò àfi jígí, èmi nìkan ló sì wà nínú rẹ̀.

"Gbé kílípà yẹn kalẹ̀," ni mo wí. "Mú bírò wá."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ní kẹ́ ẹ má—"

"Mo ní kó o mú bírò wá."

Ìwé tèmi ti wà nínú àpò mi láti ọjọ́ tí mo ti tẹ ti àwọn yòókù. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò ní purọ́. Mo nà án sórí itan mi, lórí aṣọ funfun tí irun ti dà sí. Ìyàwó rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn, ó dúró, táwẹ́ẹ̀lì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí, mo kọ iye náà láìdín kan kù, mo sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí mo dìde tí mo jáde sí títì, gbogbo irun apá òsì orí mi ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí pé ó kù nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.