Ọjọ́ Tí Rédíò Erinmi Bá Sọ̀rọ̀

Aránṣọ ni mí. Ojú fèrèsé ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Ìdòwú tí gbogbo wa ń pè ní patron, tó ń tún rédíò ṣe, ló sì kọjú sí fèrèsé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Tchaourou, níbi tí àwọn ọlọ́kadà tí a ń pè ní zẹ́mi ti ń dúró de èrò. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé Fọláṣadé máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ẹ sọ fún wọn pé àga mi ló kọjú síbẹ̀.

Nafiou, ọmọṣẹ́ patron, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ìlú Goro ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lé patron lọ́wọ́, wọ́n sì ní ọdún mẹ́rin ni yóò fi kọ́ṣẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọmọṣẹ́ ló ṣì ń jẹ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di irin òjé tó ń lẹ wáyà mú, ti gba ìdásílẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀gá kò bá tíì bu àtíkè sí ọmọṣẹ́ lórí lójú gbogbo èèyàn, kó sì gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ọmọṣẹ́ náà kò lè dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá sá lọ, orúkọ burúkú á ti ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Samira ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Parakou ti bá a tọ́jú àyè kan lẹ́bàá ọjà fún odidi ọdún mẹ́ta. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni Samira máa ń pè é lórí fóònù, gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè náà ni Nafiou máa ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀." Nígbà tó yá, Samira kò bi í mọ́, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Mo mọ ìdí tí patron kò fi dá a sílẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, èmi tí ẹnu mi kì í sinmi. Ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo gbé aṣọ oníbàárà kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀. Patron ń kọjá, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí aṣọ náà.

"Ṣadé, ṣé dáadáa lo jí?"

Ó dúró, ó ń retí kí aṣọ dá òun lóhùn. Èmi wà ní ìyẹ̀wù lọ́hùn-ún. Mo yára dáhùn láti inú ilé pé, "A jí ire, patron," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo jókòó, mo sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo ohun tí wọ́n ń ṣe lódìkejì. Bí Nafiou bá ń ṣiṣẹ́, patron á jókòó tì í, á máa bi í léèrè bí olùkọ́ tó le: "Wáyà wo lo dì mú?" "Pupa ni, patron." "Ibo ló lọ?" "Ó lọ sídìí bátìrì." Àwọn oníbàárà á mirí, wọ́n á ní ọ̀gá gidi lèyí, kò jẹ́ kí ọmọ sùn. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ ló ń bá ọ̀gá ríran. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí patron fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́, á ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè," wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tó bá dá Nafiou sílẹ̀, ta ni yóò kù? Ìyẹn ni okùn tí wọ́n fi so ọmọ náà mọ́lẹ̀. Inú máa ń bí mi sí patron, àánú rẹ̀ a sì tún ṣe mí láàárọ̀ kan náà.

Àfi ìgbà tí Djamal, ọmọ ìlú wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní tonton, bí ẹni pe àbúrò bàbá, dé láti Libreville pẹ̀lú Erinmi.

Erinmi ni àwọn zẹ́mi sọ alùpùpù rẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: a ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ arìnrìn-àjò ńlá ni, ó ní àpótí mẹ́ta lẹ́yìn, gíláàsì níwájú, ìjókòó tó tó àga ìgbéyàwó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti kan rédíò mọ́ ọn níwájú bíi ti ọkọ̀. Eruku ọyẹ́ wọ inú rédíò náà, òjò àkọ́rọ̀ sì parí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń há, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pátápátá. Tonton Djamal ra tuntun ní Cotonou, ó gbé e wá.

"Patron, tó bá máa ṣòro, kò burú, màá gbé e lọ Parakou," ó sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo àwọn zẹ́mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún patron lára. Ó dìde dúró. "Parakou kẹ̀? Djamal, gbé e síbẹ̀. Nafiou á ṣe é. Ọjọ́ tí rédíò yìí bá sọ̀rọ̀, voilà, mo dá Nafiou sílẹ̀. Sátidé yìí!"

Ẹyin lohùn. Àwọn zẹ́mi hó yèè, Nafiou sì sáré wọlé lọ gbé irinṣẹ́. Mo rí bí ojú patron ṣe yí padà nígbà tó jókòó. Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè kó o padà.

Erinmi kò gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọlé, abẹ́ igi káṣú tó wà níwájú fèrèsé mi ni Nafiou ti ṣiṣẹ́. Ọjọ́ méjì ló fi tú bóòtì, ó ń kó wọn sínú agolo tòmátò kí wọ́n má baà sọnù. Ó yọ rédíò àtijọ́, ó nu eruku, ó gé ike díẹ̀ kí tuntun lè wọlé. Ọ̀rọ̀ wá ku wáyà méjì: ìyeyè kan, pupa kan. Ìyeyè ló yẹ kó lọ tààrà sídìí bátìrì. Pupa ló yẹ kó gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́, kí rédíò lè sùn nígbà tí ẹ̀rọ bá sùn.

Ṣùgbọ́n ní Tchaourou wa, ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Gbogbo zẹ́mi ló fẹ́ kí rédíò òun máa sọ̀rọ̀ níbi tí òun bá ti ń dúró de èrò, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò. Nítorí náà, a máa ń lọ́ pupa àti ìyeyè pọ̀ ni, a ó so ó mọ́ bátìrì. Tí bátìrì bá kú, ẹsẹ̀ lèèyàn á fi tẹ ẹ̀rọ kó tó jí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọwọ́ Nafiou ti ń lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀. Ó lọ́ wọn pọ̀, ó fi rọ́bà wé e, ó de gbogbo bóòtì padà. Mo rí i, torí iwájú mi ló wà.

Ó ku díẹ̀ kí tonton Djamal dé ni patron jáde wá. Ó fọwọ́ pa Erinmi lára.

"Ìyeyè àti pupa, ṣé o yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹ̀rọ yìí kò ní ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, o."

Nafiou wo agolo tòmátò tó ti ṣófo. Ọjọ́ kan gbáko ni yóò tún fi tú u. Ó wo ọ̀nà tí tonton Djamal ń gbà bọ̀. Ó wo ojú patron tí kò lè rí i.

"Mo ti yà wọ́n, patron," ó ní.

Abẹ́rẹ́ gún mi níka. Mo tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ. Rédíò sọ̀rọ̀, orin jáde, àwọn zẹ́mi jó, tonton Djamal gbéra lọ sí Sanson lọ́jọ́ Fúráìdé láti kí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ní Sátidé, a pa àtíbàbà, a to àga. Nafiou wọ aṣọ funfun tí èmi fúnra mi rán fún un, àpò ìrìn-àjò rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Patron ṣẹ̀ṣẹ̀ di agolo àtíkè mú ni kàmíọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu, dé láti ọ̀nà Sanson. Orí iṣu ni Erinmi dùbúlẹ̀ sí, wọ́n fi okùn dè é bí ewúrẹ́. Tonton Djamal sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú, erùpẹ̀ ti bo aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Nígbà tó dé ilé ọ̀fọ̀, ó dín ohùn rédíò kù títí kò fi dún mọ́, nítorí ọ̀wọ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó wọlé, ó sùn síbẹ̀. Rédíò kò sùn ní tirẹ̀, ó ń jẹ bátìrì lọ. Láàárọ̀, Erinmi kú. Kò síbi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, àwọn géńdé tì í títí nínú iyanrìn, kò jí. Níwájú gbogbo ẹbí ìyá rẹ̀ tó ti ń fi alùpùpù náà yangàn fún ni.

"Ta ló so wáyà yìí?" ó pariwo. "Franchement, ta ni? Ẹni tó ṣe irú èyí lẹ fẹ́ dá sílẹ̀?"

Nafiou la ẹnu. Mo rí i pé ó la ẹnu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí yẹn fún un. Ohùn kò jáde.

"Èmi ni," patron Ìdòwú ní.

Ó dìde. "Ọmọ náà ní kí òun yà wọ́n, mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Mi ò ríran mọ́, Djamal. Pupa àti ìyeyè, ọ̀kan náà ni lójú mi. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Má dá a lẹ́bi."

Ìbínú tonton Djamal rọ̀ lójú gbogbo wa, ó ṣí fìlà, ó ní, "Patron, ẹ má bínú." Patron ní kí ayẹyẹ máa bá a lọ. Nafiou kúnlẹ̀. Ọ̀gá bu àtíkè, ó na ọwọ́, èjìká ọmọ náà ni gbogbo rẹ̀ dà sí. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Nafiou di ọwọ́ náà mú, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó ń sunkún tó fi jẹ́ pé àwọn kan rò pé ayọ̀ ni.

Ní Mọ́ńdè, zẹ́mi gbé Nafiou wá kó wá mú àpò rẹ̀. Patron ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ wá ojú àgádágodo, irin ń ha irin, kò rí i. Ní Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó gbé rédíò wá, gbogbo ìlú ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú patron. Nafiou dúró wò ó. Zẹ́mi fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, Nafiou gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti dá ẹ sílẹ̀, o," patron ní.

"Mo mọ̀, patron."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ fún zẹ́mi náà pé kó máa lọ.

Tẹ́lẹ̀, ó lè bínú sí ẹni tó so ó mọ́lẹ̀. Báyìí, ta ni yóò bínú sí? Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé rédíò zẹ́mi kan wá. Ó jókòó sábẹ́ igi káṣú, patron jókòó tì í bíi ti àtẹ̀yìnwá, mo sì dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró kí n lè gbọ́.

"Wáyà wo lo dì mú?"

"Pupa àti ìyeyè, patron."

"Ṣé o yà wọ́n sọ́tọ̀?"

Nafiou wo wáyà méjì tó ti lọ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá, patron," ó ní. "Mi ò yà wọ́n."

Patron gbé ọwọ́ lé e léjìká, níbi tí àtíkè dà sí ní Sátidé.

"Bon. Yà wọ́n," ó ní.