Ọwọ́ Tí Wùnmí Fi Gbá Bọ́ọ̀lù Ìkẹyìn

Ìró kan wà tí mi ò lè gbọ́ kí n má dúró. Ìró ọ̀pá họ́kì tó ń ha ọ̀dà títì ni: á kọ́kọ́ ha lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà á gbá nǹkan líle, pá. Ní Sátidé tó kọjá, mo ń kó ẹrù ọjà wọlé láti inú ọkọ̀ ní Glenarden tí mò ń gbé báyìí, ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé. Mo gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò mélòó kan ló ń gbá họ́kì lójú títì, ọmọbìnrin mi kékeré sì dúró létí ibẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kí n tó mọ̀, mo ti padà sí Capitol Heights, lẹ́bàá ìlú Washington, mo ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá, fóòmù bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́sẹ̀ mi méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ irú ilé tí mò ń sọ. Ilé bíríkì pupa alájà mẹ́ta ni, ó sún mọ́ ibùdókọ̀ ojú irin tó bẹ́ẹ̀ tí abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù fi máa ń gbọ̀n nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá ń wọlé. Àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, àwọn tó ń wa takisí, àti àwọn ìyá wa tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì. Nítorí àwọn nọ́ọ̀sì yìí, ariwo jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ilé wa. Ìgbàkigbà tí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, ìyá ẹnì kan ti ibi iṣẹ́ òru dé láti ọsibítù, ó ń sùn lẹ́yìn kọ́tìnì. Nítorí náà, a kọ́ láti gbá họ́kì láìpariwo. Bí góòlù bá wọlé, a ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, a ó la ẹnu gbàgà, ohùn kankan ò ní jáde. Àlejò tó bá rí wa á rò pé tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa ohùn rẹ̀ ni òun ń wò.

Orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbá họ́kì gidi, pẹ̀lú rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ. Àwa ò ní yìnyín. Ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn ilé ni pápá wa, bọ́ọ̀lù kékeré líle aláwọ̀ ọsàn la sì ń gbá. Ṣùgbọ́n òfin àwọn ẹgbẹ́ ńlá ni à ń tẹ̀ lé, nítorí èmi ni mo ń kọ́ wọn ní òfin náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń wo tẹlifíṣọ̀n, mo ń ka ojú ìwé eré ìdárayá nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n bá jù sílẹ̀ lórí ìjókòó ọkọ̀ ojú irin, mo sì ń há gbogbo rẹ̀ sórí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà kan, góòlù wọ́n nínú họ́kì débi pé àwọn òǹwòran ń tòògbé. Odidi sáà kan tiẹ̀ lọ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ò gbá eré kankan, nítorí ìjà tó wà láàárín àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n padà sórí yìnyín ní 2005, wọ́n ti tún òfin ṣe kí góòlù lè pọ̀. Wọ́n gbà kí ènìyàn fi bọ́ọ̀lù gígùn ránṣẹ́ kọjá ìlà méjì, èyí tó jẹ́ èèwọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí eré bá ṣì jẹ́ ọ̀mì lẹ́yìn àfikún àkókò, kí wọ́n gbá pẹ̀nárítì, agbábọ́ọ̀lù kan sí aṣọ́lé kan. Wọ́n sì dín pádì ẹsẹ̀ aṣọ́lé kù láti ínǹṣì méjìlá sí mọ́kànlá. Ínǹṣì kan péré, àbí? Ẹ má fojú di ínǹṣì kan.

Aṣọ́lé ni mí. Ìyá mi ló rán pádì mi. Ó gé e lára fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí ẹnì kan kó sọnù, ó fi kọ́tìnì àtijọ́ bò ó, ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ Cheverly, àdúgbò kejì, tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá wa nínú eré, fi máa ń bi mí bóyá ilé ni mo fẹ́ ṣọ́ ni àbí mo fẹ́ sùn. Pẹ̀lú pádì yẹn, ó ṣòro kí wọ́n tó jẹ góòlù méjì lára mi. Nígbà tó di 2009, tí a fẹ́ gbá eré ìyọkúrò pẹ̀lú wọn, Marcus, tó jẹ́ aṣọ́lé àti ọ̀gá wọn, ní òfin tuntun ni òun mọ̀. Bí mi ò bá gé pádì mi, kò sí eré. Èmi tí mo ti ń fi òfin tuntun yangàn fún wọn láti ìgbà yìí, kí ni mo fẹ́ wí? Ẹnu mi ni wọ́n fi mú mi. Ìyá mi fi ọ̀bẹ ìdáná gé fóòmù náà, ó ń gé e, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ń jẹ góòlù fún wa ni Wùnmí, ọ̀rẹ́ mi, tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé. Ọdún kan ló fi jù mí lọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n bí i mọ́. Ọ̀pá tí bàbá rẹ̀ rà fún un ní ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù jẹ́ ọ̀pá ayé àtijọ́, tí abẹ́ rẹ̀ gún gbọọrọ, kò tẹ̀ sí ibì kankan. Ọ̀pá ti àwa yòókù tẹ̀, ìhà kan ṣoṣo ni a lè fi gbá bọ́ọ̀lù. Wùnmí nìkan ló lè gbá a níhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ìhà òsì ló ti máa ń gbá a bí ìbọn.

Ní ọdún náà, ìyá Wùnmí bí ọmọ tuntun, ìyá bàbá rẹ̀ sì wá láti Ọ̀yọ́ láti bá wọn tọ́jú ọmọ. Màmá Ọ̀yọ́ ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ti rí ọwọ́ Wùnmí. Ó gbá a nídìí oúnjẹ, ó gbá a nídìí ìwé kíkọ, títí ọmọ náà fi ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún Màmá pé nínú họ́kì, àwọn tó ń gbá a níhà òsì ló pọ̀ jù, títí kan àwọn tó ń fi ọ̀tún jẹun. Ó ní òun ti gbọ́, kí n lọ kí ìyá mi.

Lọ́jọ́ kan, Wùnmí gbàgbé, ó fi ọwọ́ òsì gbé omi fún àlejò. Ojú gbogbo wa ni Màmá ti sọ ọ́ níbi àtẹ̀gùn, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè.

“Ọmọwùnmí, bí mo bá tún rí ọwọ́ yẹn níta, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń padà sí Ọ̀yọ́. Wọ́n á tún ọ kọ́ níbẹ̀.”

Ìparí oṣù ni Màmá ń lọ. Bàbá Wùnmí, tó ń wa takisí, kì í jiyàn pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó tiẹ̀ ti pe ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́hùn-ún lórí fóònù. Nígbà tí Wùnmí sọ fún mi, a jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń ká téèpù mọ́ ọ̀pá rẹ̀.

“Mi ò mọ ẹnì kankan ní Ọ̀yọ́,” ó wí. Ó fi eyín já téèpù náà.

Eré márùn-ún la fẹ́ gbá pẹ̀lú Cheverly. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta ló ni ín. Lẹ́yìn mẹ́rin, méjì-méjì ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Washington, ẹgbẹ́ ńlá tiwa, àti Pittsburgh ń fà á nínú eré ìyọkúrò tiwọn, méjì-méjì làwọn náà wà ní àárọ̀ Sátidé tí a gbá ìkarùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Washington, ẹ mọ ohun tí Pittsburgh máa ń fi ojú wa rí. Gbogbo ilé ló ń mí sókè-sódò.

Ọ̀sán ni a bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe to agolo tí a fi ṣe ilé tán, Màmá Ọ̀yọ́ jáde, ó gbé àga oníke rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó tẹ́ ọmọ tuntun sí itan. Ó ní kí ọmọ gba oòrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú rẹ̀ wà, gbogbo wa ló mọ̀.

Wùnmí fi ọ̀tún gbá gbogbo eré náà. Ó bá ilé Marcus ní òun nìkan lẹ́ẹ̀mejì, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fò lọ sínú koríko, èkejì rọra yí lọ bá Marcus bí ẹni ń kí i. Ẹnì kan nínú wa bi í bóyá ó gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sílé. Wùnmí wo ọ̀dọ̀ Màmá. Láìsí góòlù rẹ̀, a ṣáà ń fi eyín dì í mú títí ó fi di mẹ́ta-mẹ́ta.

Ó kù díẹ̀ kí àkókò pé ni ọmọ Cheverly kan gbá bọ́ọ̀lù sí mi tagbáratagbára. Pádì mi àtijọ́ ìbá gbé e mì. Etí pádì tí wọ́n gé yìí ló bà, ó ta padà, ó sì fò tààrà sí ọ̀dọ̀ Màmá àti ọmọ tó ń sùn lórí itan rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè sáré bá a. Ìhà ọ̀tún Màmá ni bọ́ọ̀lù náà gbà wá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ṣófo, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló dìde. Ó rékọjá ojú rẹ̀, ó sì hán bọ́ọ̀lù náà mọ́wọ́, pá. Ọmọ náà ò tiẹ̀ mira.

Gbogbo wa dúró. Màmá wo ọwọ́ yẹn bí ẹni pé ti aládùúgbò kan ni. Lẹ́yìn náà, ó fi bọ́ọ̀lù sí ọwọ́ ọ̀tún, ó nà án síwájú. Wùnmí lọ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n wo ara wọn. Marcus ló rọra sọ pé kí Màmá wá ṣọ́ ilé, kí èmi lọ jókòó sórí àga.

Àkókò pé, ọ̀mì ni. Mo sọ fún wọn pé nínú eré ìyọkúrò àwọn ẹgbẹ́ ńlá, kò sí pẹ̀nárítì. Títí góòlù á fi wọlé ni wọ́n máa ń gbá a. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ti ń dé láti ibi iṣẹ́. Takisí bàbá Wùnmí ti wọlé, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń dúró kí a kúrò níbẹ̀. A gbà láti gbá pẹ̀nárítì, ẹni mẹ́ta sí ẹni mẹ́ta.

Lẹ́yìn ẹni méjì-méjì, wọ́n jẹ ọ̀kan, àwa náà jẹ ọ̀kan. Ẹnì kẹta wọn gbá a sí ibi tí ínǹṣì tí wọ́n gé ìbá ti dí fún mi, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni mo fi dá a padà, ó sì dùn mí títí di ọjọ́ kejì. Ó wá ku Wùnmí.

Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ méjèèjì lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀ ọ̀pá, bó ṣe ṣe é láti ọ̀sán. Marcus, tó ti wò ó tó, sún sí ìhà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà. Nígbà náà ni ọwọ́ Wùnmí yí padà. Mo ti wo họ́kì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni tún ṣe é: ọwọ́ òsì sọ̀ kalẹ̀, ti ọ̀tún gòkè, abẹ́ ọ̀pá tó gún yẹn yíjú, bọ́ọ̀lù sì ti wà nínú ilé kí Marcus tó padà.

A na ọwọ́ sókè. A la ẹnu. Kò sí ohùn kankan. Àwọn ọmọ Cheverly wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Wùnmí ò na ọwọ́ ní tirẹ̀. Ó tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀, ó rìn lọ bá Màmá, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. Bàbá rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́,” Màmá sì fi ojú dá a dúró.

“Àbẹ̀kẹ́,” ó wí. A ò tíì gbọ́ kí Màmá pe oríkì Wùnmí rí. “Ọwọ́ ìyá mi lo gbé wá sáyé. Wọ́n na tirẹ̀, kò lọ. Wọ́n wá na tèmi. Mo rò pé tèmi ti lọ.”

Ó gbé ọmọ tuntun náà lé e lápá òsì, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. “Nígbà tí o bá ń gbé mi lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú, èmi nìkan ni. Pe àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ yẹn padà.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí Wùnmí ṣe sọ fún mi, ó fi ọwọ́ òsì gbé omi fún Màmá. Màmá ní eré ti parí. Wùnmí padà lọ fi ọ̀tún gbé e.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Pittsburgh fi góòlù mẹ́fà sí méjì lù wá ní Washington nínú eré keje tó kẹ́yìn, ilé bíríkì pupa náà dákẹ́ rọ́rọ́, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe nítorí ẹni tó ń sùn. Kò tó ọdún méjì, àwọn Wùnmí kó lọ sí Texas. A máa ń pe ara wa, lẹ́yìn náà nọ́ńbà yí padà, bó ṣe máa ń rí. Wọ́n ti kun ilé wa ní funfun báyìí, àkọlé kan sì wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣòfin họ́kì ò tíì sinmi. Wọ́n ṣì ń gé pádì, wọ́n ṣì ń wá góòlù. Àwọn ìyá kan ṣì ń ti ibi iṣẹ́ òru dé lọ́sàn-án, wọ́n ń fa kọ́tìnì.

Ní Sátidé yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àdúgbò rí bí ọmọbìnrin mi ṣe ń wò wọ́n, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí i pé kó gbìyànjú. Ọwọ́ òsì ni ọmọ mi fi gbà á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ mi ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Mo rìn súnmọ́ wọn, mo wo abẹ́ ọ̀pá náà, mo rí i pé ó tẹ̀ síhà kan, mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n ní èyí tó gún.