Dókítà Ní Kó Sinmi, Wọ́n Tẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Fún Un Níwájú Kámẹ́rà

Àbíkẹ́yìn ti kú. Mo tún un sọ fún ẹni tí etí ẹ̀ di: ọmọkùnrin tó ń ṣe Àbíkẹ́yìn nínú eré ìdílé tí gbogbo yín ń jókòó wò ní Sọ́ńdè, ó ti kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Àárọ̀ Túsìdeè ló kú, nínú yàrá ìyá ẹ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu torí ó ní afẹ́fẹ́ ò tó òun. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. A sin ín ní Tọ́sìdeè. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan láti sítúdíò nínú wa. Bóyá wọ́n ń to iná lọ́wọ́. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn èèyàn ńlá.

Ẹ ò gbọ́, àbí? Báwo lẹ ṣe máa gbọ́? Nínú eré, wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀, ẹ mú sùúrù.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni mò ń gẹrun fún sítúdíò yẹn. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí géètì wọn gan-an. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti sọ fún ìwé pé ó dàbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá wù yín wá kó wá la ìlà kan gún régé yí etí ọmọ tó ń sunkún ká, ká wá wo ẹni tó kàwé. Orí olùdarí eré, orí olóòtú, orí àgbà òṣèré tó ń ṣe bàbá, gbogbo ẹ̀ ló ń gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Nǹkan tí orí bá ń gbé kiri, onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ ọ́n.

Bí ọmọ yẹn ṣe di olókìkí, ojú mi ló ṣe. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fún un: kó ṣílẹ̀kùn pálọ̀, kó ní, "Bàbá, àlejò ti dé," kó jáde. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá," ni ikọ́ bá gbé e. Ikọ́ gidi ni o, ó ti wà lára ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ó wúkọ́ títí ojú ẹ̀ fi pọ́n. Àgbà òṣèré yẹn ò jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ó gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn tó ń kà, ó ní, "Àlejò yẹn dà? Ṣé o ti gbé e mì ni?"

Gbogbo sítúdíò bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé orí tẹlifíṣàn, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kò sí ọmọ iléèwé tí kì í ní, "Bàbá," kó wá máa wúkọ́. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di àbíkẹ́yìn ilé inú eré, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ikọ́ máa ń gbé nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ parọ́. Wọ́n lẹ fọ́tò ẹ̀ gàdàgbà mọ́ ara bọ́ọ̀sì. Ó dé ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró kó kàn án. Ẹnì kan ní kó bọ́ síwájú, ó ní, "Rárá o, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé. Inú tẹlifíṣàn ni mo ti jẹ́ ọmọ ọlọ́lá. Tí mo bá ti jáde ní géètì, ó ti parí."

Nínú eré, àbíkẹ́yìn ni. Nílé, òun ni àkọ́bí, òun náà ni àbíkẹ́yìn, torí òun nìkan ni ìyá ẹ̀ bí. Aṣọ ni ìyá ń rán, ojú ẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Láràárọ̀, kí ọmọ yẹn tó jáde, á fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, á gún wọn mọ́ ara tìmùtìmù, kí ìyá má bàa jìyà kílẹ̀ tó ṣú. Ṣé wọ́n fi ìyẹn hàn yín nínú eré? Ikọ́ ni wọ́n fi hàn yín.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan. Iṣẹ́ wọn ní òfin kan: bí orí òṣèré bá ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn, bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí títí tí wọ́n á fi parí ẹ̀, kó tiẹ̀ gba oṣù mẹ́fà. Obìnrin kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa mú fọ́tò dání, kó máa wò ó bóyá nǹkan yí padà. Àǹtí Fọ́tò là ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó mú ọmọ náà wá, ó gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò.

"Onígbàjámọ̀, kí lo fi orí ọmọ yìí ṣe? Ó ti kéré."

"Àǹtí, irun ni mò ń gẹ̀, mi ò kì í gẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ yìí ti rù ni."

"Ṣé mo fọ́jú ni? Mo mọ̀ pé ó rù. Fi irun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè kún bí inú fọ́tò."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, bó ṣe gbé e kúrò ló yára ká a. Mo ti rí i. Ẹ̀jẹ̀ ni.

"Àbúrò, kí nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí Màmá gbọ́."

Mo sì fi irun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ mi, ó kún bí inú fọ́tò gẹ́lẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ò sì mọ̀ pé ọmọ ń yọ́ lọ lójú yín. Bí mo ṣe ń bú wọn yìí, ẹ bu tèmi mọ́ ọn.

Ọjọ́ kejì ni mo fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé wò. Ó kọ ìwé: oṣù méjì, kó má ṣiṣẹ́, kó sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì, kó má fi oògùn ṣeré. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ibi iṣẹ́. Mo sin ọmọ náà dé géètì sítúdíò. Ó na ìwé, wọ́n gbà á. Mo dúró níbẹ̀, mo rí ọwọ́ tó gbà á.

Lọ́jọ́ kẹta, olùdarí jókòó sórí àga mi.

"Sà, ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti fún un láyè kó sinmi?"

"Ọ̀rẹ́ mi, a ti bójú tó o. Orí bẹ́ẹ̀dì ni dókítà ní kó wà, àbí? A ti kọ ọ́ sínú eré pé ó ń ṣàìsàn. Odindi oṣù méjì, kò ní dìde rárá."

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ọkùnrin yẹn kì í ṣàwàdà.

Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀dì dáadáa, aṣọ ìbora funfun, ìrọ̀rí méjì, iná ńlá mẹ́rin tó ń gbóná bí ààrò lókè orí ẹ̀, láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi fúnra mi wọlé lọ tún irun ẹ̀ ṣe níbẹ̀, nǹkan tí mo gbọ́ ni mò ń sọ. Tó bá sùn lọ, wọ́n á jí i: "Àbíkẹ́yìn, o ti ń sùn jù. Ṣe bí ẹni tó ń sùn." Tí ikọ́ bá dé kí kámẹ́rà tó ṣe tán: "Mú un dání ná, ó ku díẹ̀." Obìnrin tó ń kun ojú òṣèré kó àtíkè ẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, kò sí iṣẹ́ fún mi lára eléyìí, ó ti rí bí aláìsàn." Ó sì rẹ́rìn-ín. Ǹjẹ́ ẹ rí ibi ìtọ́jú tó dáa tó báyìí rí?

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá dìde, wọ́n á ti fi ẹlòmíì sórí bẹ́ẹ̀dì yìí kí n tó dé ilé."

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà tiwa wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, wọ́n sì sún kámẹ́rà mọ́ ọn kó lè hàn dáadáa.

Ó kú, wọ́n ò sì jẹ́ kó kú. Wọ́n ti gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Nínú eré, Àbíkẹ́yìn gbádùn, ó rìnrìn àjò lọ kàwé, gbogbo Sọ́ńdè ló ń fóònù sí pálọ̀: "Màmá, ara mi ti le. Mo ń bọ̀ láìpẹ́." Òkú wo ló tún láápọn tó báyìí? Ẹ̀yin sì ń pàtẹ́wọ́.

Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà pàdé ìyá ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbaná jẹ. "Ẹ bọ́ aṣọ dúdú yìí jọ̀ọ́, Màmá! Ẹ̀ ń fi ẹnu yín ṣépè fún ọmọ tó wà láyé. Mo gbóhùn ẹ̀ lánàá, ó ní ara òun ti le."

"Àbúrò mi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ojú ẹ̀ dé."

"Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣàn?"

Ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyá jọ lọ bá olóòtú. Ó dìde kí i, ó gbé àga fún un, ẹnu ẹ̀ dùn bí oyin.

"Màmá wa, àwọn tó ń wo eré yìí fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Tá a bá sọ pé ó kú, ọkàn wọn á bàjẹ́."

"Ọkàn wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ku Sọ́ńdè mẹ́jọ kí ìtàn yìí parí. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa jókòó, a máa ronú sí i."

"Ọmọ mi, mi ò wá tọrọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà sọ pé ó ti kú. Ẹ má jẹ́ kó máa pe obìnrin mìíì ní Màmá látinú sàréè."

Èmi wá bèèrè ìwé dókítà. Olóòtú wo òkè àjà. "Ìwé wo? Kò sí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa."

Kò burú. Nǹkan tí ìyá yìí ń bèèrè, òun lèmi náà ń bèèrè, mo sì fi tèmi kún un. Ẹ̀yin ará sítúdíò, Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí ẹnì kan nínú yín jókòó síwájú kámẹ́rà, láìkun ojú, kó sọ pé ọmọ náà ti kú, kó sọ ọjọ́ tó kú àti nǹkan tó pa á. Ẹ yọ ohùn ẹ̀ kúrò nínú eré yín, ẹ kó gbogbo ẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó, tí wọ́n bá kọ̀, ẹ pa tẹlifíṣàn yín kẹ́ ẹ lọ kí ìyá ọlọ́mọ.

Ní ti ìwé tí kò dé ọ̀dọ̀ yín, ìyá ti fún mi ní èyí tó wà nílé. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín dígí ṣọ́ọ̀bù mi, déètì ń bẹ lára ẹ̀, òǹtẹ̀ dókítà ń bẹ lára ẹ̀. Olùdarí, mo rí yín lánàá láti òdì kejì títì, irun ti bò yín létí. Ẹ máa bọ̀, àga ṣófo. Mo máa so aṣọ mọ́ yín lọ́rùn, mo máa kọjú yín sí dígí, ẹ máa ka ìwé yẹn sókè látòkè délẹ̀, ẹ sì máa dárúkọ ẹni tó gbà á ní géètì àti ẹni tó ní kí wọ́n lọ gbé bẹ́ẹ̀dì wá. Títí tẹ́ ẹ fi máa dárúkọ wọn, ẹ máa gbé irun yín kiri.