Sẹ́ẹ̀lì Tó Kọ̀ tí Kò Kú

Lásìkò ọyẹ́, Ìkẹ́nnẹ́ a máa dà bíi pé ó ń tòògbé lọ́sàn-án. Eruku á bo òrùn, ohùn àwọn aládùúgbò á jìnnà, òórùn gbànja tútù á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí mo ṣe máa ń rántí ìyá mi nìyẹn, bó ṣe rí lápá ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ń kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì ní yunifásítì.

Òwò gbànja ni ìyá mi ń ṣe. Tí wọ́n bá bó o tán, tí wọ́n fọ̀ ọ́, òun ló ń ṣà á kó tó wọ inú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́. Kì í là á kó tó mọ èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Á kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́, á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo oníṣòwò láti Ṣágámù dé Òde Rẹ́mọ ló gbà fún ìka yẹn. Òun náà gbà fún un, ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí kókó jẹjẹrẹ yọ sí i lọ́mú, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn. Irun rẹ̀ re, èébì kò jẹ́ kó gbádùn, àmọ́ kókó náà ń yọ́. Lọ́jọ́ kan ó fi ìka tẹ ọmú náà títí, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní ó ti mọ́. Bó ṣe máa ń ṣe sí agbọ̀n tó bá ti mọ́ ló ṣe sí ara rẹ̀: ó kúrò nídìí rẹ̀. Àsìkò gbànja ti wọlé, kò padà lọ gba ìyókù abẹ́rẹ́. Nígbà tí kókó náà tún yọ, abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò ràn án mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí ẹní, ó ní kí n sọ ohun tí ìwé mi wí nípa jẹjẹrẹ.

Mo ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló mọ ìgbà tó yẹ kó kú. Tó bá ti bàjẹ́, ara á ránṣẹ́ sí i pé kó máa lọ, á sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti jẹjẹrẹ á kọtí ikún. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kéékèèké lára, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà ti oògùn síta, bí a ṣe ń lé ewúrẹ́ kúrò ní ilé ìdáná.

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mà gbọ́n o! Àfi bí ọmọ Rẹ́mọ."

Ewé gbígbẹ ń wọ́ lágbàlá, ó sì ń ṣe mí bíi kí ọ̀sán náà má tán.

"Ká ní mo gba abẹ́rẹ́ yẹn tán, ṣé wọn ì bá ti kú?"

Ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù nìyẹn. Lọ́kàn mi, mo gbà pé ó ṣeé ṣe.

"Rárá, Màámi. Àwọn tó ṣẹ́kù yẹn, etí wọn ti di tipẹ́. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ gbà á tán, wọn ò ní kú."

Ó wò mí títí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú mi.

"O ṣeun, ọmọ mi. Irọ́ yẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin ará Ògèrè tó máa ń jókòó tì mí nílé ìwòsàn, ó ti ń sọ pé ara òun ti mọ́. Bá mi wá a lọ. Má parọ́ fún un. Wí fún un kó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán."