Ìlà Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Òórùn pólíìṣì pupa ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Láràárọ̀ Sátidé, àwọn ìyá wa a fi kun àtẹ̀gùn bílọ́ọ̀kù wa ní Festac, àwa ọmọ a sì máa yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Rónkẹ́, ọmọ ìsàlẹ̀ ilé wa, gbé tábìlì sí abẹ́ àtẹ̀gùn náà. Ó ta okùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ "Ẹ TÒ SÍBÍ" sára páálí, ó ní kí n jókòó bí akọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwa méjèèjì.

"Kí la fẹ́ fún wọn?" mo bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá wọ́n á tò ni."

Wọ́n tò. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn òbí wa. Bí wọ́n bá ti rí okùn àti tábìlì, ẹsẹ̀ wọn ti mọ ibi tí yóò dúró. Àdéhùn wa ni pé bí ìlà bá dé ẹnu géètì, ká sọ òótọ́, kí gbogbo wa jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ipò ti ń pa mí bí ọtí. Mo ní kí Màmá Ìyábọ̀ lọ mú fọ́tò wá. Wọ́n sì lọ.

Bàbá mi náà tò, wọ́n tẹjú mọ́ ìwé ìròyìn. "Sùúrù ni baba ìwà" ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n bi ẹni iwájú wọn pé, "Kí ni wọ́n ń pín?"

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ má fi àyè yín sílẹ̀."

Ìgbà tí wọ́n dé iwájú tábìlì ni wọ́n tó gbójú sókè. "Wálé, kí ni mo tò fún?"

Mo nawọ́ sí Rónkẹ́. "Òun ló ṣe é, sà."

Òun nìkan ló kúnlẹ̀, tó gbọ́wọ́ sókè títí oòrùn fi kan àtàrí. Èmi ń wò ó láti ojú fèrèsé, mo ń jẹ búrẹ́dì.

Nígbà tá a dàgbà, ó gbà láti fẹ́ mi. Ó ní ó kéré tán, òun ti mọ bí mo ṣe jẹ́ ojo tó. Irú eré yẹn náà ló sọ di iṣẹ́ ọnà: ó máa ń gbé ilẹ̀kùn tí kò já síbì kan, àti àga onínọ́ńbà tó kọjú sí kàńtà tí wọ́n tì pa, sínú gbọ̀ngàn ìpàtẹ. Àwọn èèyàn a jókòó, wọn a máa retí ìpè, títí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín ara wọn. Ohun kan náà ni mo fi ìgbà ayé mi ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó pé ọdún kan báyìí tí Rónkẹ́ ti kú. Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí nítorí ọjọ́ ìlà náà. Mo máa ń ní ó dọ̀la; a mọ̀ ọ́n ṣe níbi iṣẹ́ wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn bẹ̀rù bàbá rẹ̀, ó ní àwáwí. Ní ti èmi àgbà yìí, bàbá mi ti kú tipẹ́tipẹ́. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀rù.